Lẹ́tà Méjì

Ní Ògìdì, ọyẹ́ ti la ètè gbogbo wa
nígbà tí mo gun àkàbà tó ń mì,
èmi àti irin pẹlẹbẹ kan, àti omi inú garawa.
Ilé bàbá ìyá mi ni. Alámọ̀ ni, petẹ́ẹ̀sì ni.
Owó kọfí àkọ́kọ́ ló gbé e ró.
Fèrèsé onípákó mẹ́jọ. Ọ̀kan ò ṣí mọ́.

Bọ́lọ́rundúró, tó ti mọlé fún ọ̀pọ̀ ẹni tó ti kú,
jókòó sábẹ́ igi ọsàn, ó ń pàṣẹ:
"Má fi iná sí i. Má da ásíìdì sí i.
Ọ̀dà elépo lẹ fi dí i nímú,
òjò rọ́nà wọlé, kò rọ́nà jáde.
Fi omi rẹ ẹ́. Rọra.
Ara àgbà lò ń họ yẹn."

Mo họ ọ́. Yẹ́lò ló kọ́kọ́ já,
yẹ́lò ìsìnkú Yèyé, tí wọ́n fi ọjọ́ méjì kùn
nítorí àlejò Àbújá.
Ó ń bó bí èèpo ẹ̀pà, ó ń bà sí mi nírun,
ó wọ̀ mí lẹ́nu, ó korò díẹ̀.

Lábẹ́ yẹ́lò, àwọ̀ ewé:
ọdún tí Búọ̀dá Ọláìtán du ipò káńsílọ̀,
tó sọ gbogbo ilé di pátákó ìbò.
Ó fìdí rẹmi. Àwọ̀ náà ò bá a lọ.

Lábẹ́ ewé, búlúù.
Mo mọ búlúù yìí. Ẹ̀yìn mi ló wà
nínú fọ́tò tí mo ti ń sunkún, tí n ò léyín iwájú,
tí Yèyé di apá mi mú
bí ẹni mú adìyẹ tó fẹ́ sá.

Ọ̀sán pọ́n. Ọwọ́ ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀,
ọkàn wà níbòmíràn,
kí n tó rí pupa kan láàrin ewé àti búlúù.
Lẹ́tà ni. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo fi aṣọ nù ún, mo fà sẹ́yìn:

ILE YI   WA FUN TITA

Kò sí àmì ohùn kankan lórí rẹ̀.
N inú FUN kọjú sẹ́yìn, bíi N inú IYUNADE
tí Yèyé kọ sẹ́yìn ìwé orin rẹ̀
lọ́dún tó lọ kọ́ ìwé àgbà pẹ̀lú àtùpà lọ́wọ́.
Orúnkún mi yẹ̀. Yèyé?
Yèyé tí kì í ta ìkòkò tó ti sán?

Bọ́lọ́rundúró ò dìde. Ó fi àgbọ̀n júwe:
"Wo ìdí àkàbà."

Mo kúnlẹ̀ sáàrin ìpẹ́ ọ̀dà.
Mo wá a bí ẹni ṣa ìrẹsì.
K ti sán sí méjì. O ṣì pé,
ó rí róbótó, ó pupa bí èso kọfí tó pọ́n.

"Ọláìtán ló mú oníbàárà wá láti Lọ́kọ́ja,
àpò owó wà lábẹ́ ìjókòó mọ́tò.
Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìyá yẹn ti gun àga,
ọ̀dà tí wọ́n fi ń kọ nọ́ńbà sára àpò kọfí ló fi kọ ọ́.
Oníbàárà kà á, ó kó owó rẹ̀.
Kí lo rò pé ó mú kí ewé yẹn ki tó bẹ́ẹ̀?"

Ọlọ́kadà kan dúró lójú ọ̀nà,
ó gbórí sókè, ó ka ògiri, ètè rẹ̀ ń mì.
"Ọ̀kún o! Èló lẹ máa gbà?"

N ò lè sọ̀rọ̀. Mo la àtẹ́lẹwọ́ mi.
Ó wò ó, ó ní, "Kí lèyí? Ìdọ̀tí?"

Fóònù ń dún nínú àpò mi, Búọ̀dá Ọláìtán ni,
tó fẹ́ mọ̀ bóyá ògiri ti mọ́.
Bọ́lọ́rundúró na ìṣó gígùn kan sí mi.
Mo tún gun àkàbà.
Àyè tó ṣófo yẹn ò fẹ̀ ju ọwọ́ mi lọ.
N ò tíì mọ irú K tí màá kọ.